Gbèsè ti bẹ̀rẹ̀, ta ni yóò gbèjà akẹ́kọ̀ọ́?

Ọ̀rọ̀ owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yá lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ kì í tán lẹ́nu àwọn òbí ní Abẹ́òkúta, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga bíi FUNAAB, MAPOLY tàbí ti Òṣíẹ̀lẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n sì máa ń bi ara wọn: ṣé ọmọ yóò lè san án padà? Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n èmi rò pé òmíràn ló yẹ kó ṣíwájú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ tí owó kúrò lọ́wọ́ ayánilówó àti ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ gbà pé owó ti dé, ta ló ń gbèjà akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti kọ gbèsè náà sí lọ́rùn?

Mi ò ní bá òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ náà jà. Èyí tí Ààrẹ Tinubu kọ́kọ́ buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ló le koko, nítorí ó ní owó tó ń wọlé fún ìdílé kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ lọ́dún, ó sì ń béèrè oníduùró tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba onípò ńlá, agbẹjọ́rò tàbí adájọ́. (Ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ wo ló mọ adájọ́?) Ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n fi òfin tuntun rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n sì yọ oníduùró àti gbèdéke owó ìdílé kúrò. Owó náà kò ní èlé. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ kí ìsanpadà tó bẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni wọn yóò sì máa yọ.

Ibi tí bàtà ti ń ta ni pé owó ìléèwé kì í gba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọjá. NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, máa ń san án tààrà sí àkáǹtì ilé ẹ̀kọ́. Owó ìgbọ́bùkátà, ₦20,000 lóṣù, nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fojú rí. Ọmọ àbúrò mi kan, ní ilé ẹ̀kọ́ tí mi ò ní dárúkọ, ṣí ojú ìwé méjì hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ti NELFUND ní wọ́n ti sanwó. Ti ilé ẹ̀kọ́ ní ó ṣì jẹ gbogbo owó náà. Nígbà tó dé ọ́fíìsì bọ́sà tó ń bójú tó owó ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní kí ó lọ mú ẹ̀rí wá láti báńkì tí kò bá dòwò pọ̀ rí. Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àjọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni wọ́n sì fi san owó kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo: ní ọdún 2025, NELFUND fúnra rẹ̀ figbe ta pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń gba owó láì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀, ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Ẹni tí ìyá rẹ̀ kò ní àjọ tí yóò kó, áàpù ayánilówó ló máa ń sá bá, níbi tí owó ti ń jáde ní ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ̀lú èlé gọbọi. Láyé àwọn baba wa, bí gbèsè bá pẹ́ jù, olówó a rán ológò lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígbèsè, a máa bú tilé-toko, a sì máa pa adìyẹ wọn jẹ títí wọn yóò fi wá owó náà. Ìwà ìkà ni, ṣùgbọ́n ológò kì í ya ilé tí kò jẹ gbèsè. Áàpù ń yà á. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú gba àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó gbé àwòrán ọmọ oníbàárà rẹ̀ dání, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé olè ni, ó ti sá lọ. Nọ́ńbà ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà lórí fóònù ọmọ náà nítorí pé òun ni ìyá ọmọ náà máa ń ní kó pè láti bèèrè bóyá aṣọ ti gbẹ.

Òfin kò fàyè gba èyí. Òfin ààbò dátà ti wà láti ọdún 2023, ọdún yẹn náà ni Google kò jẹ́ kí áàpù ayánilówó máa wo nọ́ńbà àwọn tí a mọ̀ mọ́. Ìlànà tí FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé jáde ní oṣù Keje ọdún 2025 sì lè bu owó ìtanràn tó tó ₦100 mílíọ̀nù lé ilé iṣẹ́ tó bá rú u.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1972 kò rí owó rẹ̀ gbà padà dáadáa, nítorí náà kí a má kẹ́ onígbèsè. Mo gbà pé ẹni tó yáwó gbọ́dọ̀ san án. Ṣùgbọ́n kí ilé ẹ̀kọ́ má ṣe lé ọmọ tí NELFUND ti fọwọ́ sí ẹ̀yáwó rẹ̀ kúrò ní gbọ̀ngàn ìdánwò, kí a fún wọn ní ọjọ́ pàtó láti dá owó tí a san lẹ́ẹ̀mejì padà, kí gbèsè má sì bẹ̀rẹ̀ títí wọn yóò fi fún akẹ́kọ̀ọ́ ní rìsíìtì.

Ní báyìí, ohun tí mo ń sọ fún àwọn òbí tó bá bi mí ni pé kí ọmọ ya àwòrán ojú ìwé méjèèjì náà pẹ̀lú déètì, kí ó kọ lẹ́tà sí bọ́sà, kí ó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí NELFUND, kí ó sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀ kí ó tó kúrò níbẹ̀.