Káàdì Grant Fuhr tí mo rà ní Edmonton

Ẹni tó bá dé Edmonton ní Kánádà á tètè mọ̀ pé họ́kì orí yìnyín ni wọ́n ń jẹ, òun ni wọ́n ń mu. Níbi iṣẹ́, bí o kò bá mọ bí Oilers, ẹgbẹ́ họ́kì ìlú náà, ṣe gbá a lálẹ́ àná, o ò ní rí ọ̀rọ̀ bá wọn sọ. Orúkọ Wayne Gretzky, ìràwọ̀ wọn tó lókìkí jù, ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ṣùgbọ́n aṣọ́lé wọn ni ọkàn mi fà sí: Grant Fuhr, ọmọ dúdú tí tọkọtaya òyìnbó kan gbà tọ́ láti ìkókó ní Spruce Grove, ìlú kékeré tí kò jìnnà síbí.

Ọwọ́ bàbá àgbàlagbà kan tó ń ta káàdì àwòrán àwọn tó ń gbá họ́kì ni mo ti ra ti Fuhr. O-Pee-Chee ló tẹ̀ ẹ́, ilé-iṣẹ́ ṣingọ́ọ̀mù ní London, ìyẹn London ti Ontario o. Nọ́ńbà 105 ni, ti sáà 1982-83. Topps, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ irú káàdì bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kò tẹ káàdì họ́kì kankan ní sáà yẹn, nítorí náà, ti Kánádà yìí làwọn tó ń kó káàdì jọ ń wá kiri. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Etí rẹ̀ rí jákujàku, bàbá náà sì ní kí n má ka ìyẹn sí àbùkù: bí wọ́n ṣe ń gé e nílé-iṣẹ́ nìyẹn. Èyí tí etí rẹ̀ bá gún régé jù ló yẹ kéèyàn fura sí, bóyá ẹnì kan ti tún un gé.

Nígbà tí wọ́n tẹ káàdì yẹn, sáà kan péré ni Fuhr tíì gbá ní NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ọmọ ọdún 19 ni, ó borí nínú ìdíje 28, márùn-ún péré ló pàdánù.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni irú iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Gbogbo Oilers ìgbà yẹn ló máa ń sáré lọ síwájú. Góòlù 446 ni wọ́n jẹ ní sáà 1983-84. Bí ọ̀tá bá wá já páàkì, róbà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, gbà, Fuhr nìkan ni wọ́n á bá lẹ́yìn. Ẹni tó bá ka iye góòlù tó wọlé fún un nìkan kò ní mọ̀ ọ́n rárá. Ó gba Stanley Cup, ife-ẹ̀yẹ NHL, lẹ́ẹ̀marùn-ún, òun sì ni agbáhọ́kì dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á, lọ́dún 1984. Ní 2003, wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ wọ Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni họ́kì, ní Toronto, kò sì sí adúláwọ̀ agbáhọ́kì tó ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Síbẹ̀, sáà 1995-96 tó gbá fún ẹgbẹ́ St. Louis ní Amẹ́ríkà ni mo máa ń sọ fáwọn ọmọ mi. Ó ti kúrò ní Edmonton tipẹ́, ó ti gba Toronto, Buffalo àti Los Angeles kọjá. Ó sanra dé ibùdó ìgbáradì, kóòṣì ní kó máa lọ sílé. Ó lọ, ó fọn, ó padà. Ọmọ ọdún 33 ni, ó sì ṣọ́lé nínú ìdíje 79 nínú 82. Aṣọ́lé méjì làwọn ẹgbẹ́ ń pín iṣẹ́ náà fún báyìí. Títí dòní, kò sẹ́ni tó tíì gbá tó bẹ́ẹ̀ ní sáà kan.