Ṣé Òní Kì Í Ṣe Ọjọ́ Ni?

Mushin ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo gbọ́njú sí. Nígbà tí mo tẹ̀lé ọkọ mi lọ gbé abúlé wọn nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó, mo rò pé kò sí ohun tí mo fẹ́ kọ́ níbẹ̀ ju ìkọ́kọrẹ́ sísè lọ. (Mo ba ìyẹn náà jẹ́. Iṣu funfun ni mo rin, mi ò mọ̀ pé ewùrà ló ń dì bẹ́ẹ̀.)

Ọjà ló là mí lójú. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, bí a ṣe ń sọ ẹrù kalẹ̀, ìyá ọkọ mi, tí mo ń pè ní Màámi, ní, “Ìyàwó, ọjọ́ márùn-ún òní la tún máa ná an o.” Mo kà á lọ́kàn: Túsìdeè ọ̀kan, Wẹ́sìdeè méjì, títí ó fi bọ́ sí Sátidé. Sátidé pé, mo gbé apẹ̀rẹ̀ gàrí lé orí, ó di ọjà. Ewúrẹ́ kan ló ń jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Kò sí èèyàn kankan. Àná ni wọ́n ti ná an tán.

Mo sunkún délé. Màámi kàn rẹ́rìn-ín: “Ṣé òní kì í ṣe ọjọ́ ni?”

Àṣé òní ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Mọ́ńdè ni ọjọ́ kìíní, Fúráìdè wá di ìkarùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ọjà ọrọọrún fi ń yí po lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin péré, kò bìkítà bóyá Sọ́ńdè ló bọ́ sí. Ìtàdógún náà ń kọ́? Mẹ́tàdínlógún ló wà nínú orúkọ rẹ̀, àmọ́ ọjọ́ 16 ni ẹ óò fi dúró. Mi ò tètè mọ ìyẹn, ni wọ́n ṣe bu owó ìtanràn lé mi nínú èsúsú. Ẹni tí wọ́n bá dá ọjọ́ fún ní abúlé, kó béèrè pé, “Fúráìdè àbí Sátidé?” Kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn, nígbà tí a ti padà sí Èkó, Màámi náà wá wò wá níbẹ̀. Náírà ẹgbẹ̀rún kan ṣoṣo ló mú wọ dánfó l'Ọ́jọ́ta. Kọ̀ndọ́ ò ní ṣéńjì, ó so Màámi àti ọkùnrin kan pọ̀, ó kó owó tó ṣẹ́kù fún àwọn méjèèjì lé ọkùnrin náà lọ́wọ́ kí wọ́n lọ pín in. Bí wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀, ọkùnrin náà ní òun fẹ́ ṣẹ́ owó níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Màámi dúró, ó dúró títí. Ìgbà tí mo débẹ̀, ó ṣì ń wo ọ̀nà ibi tó gbà lọ.

“Màámi, ẹ kì í wọ dánfó láìní ṣéńjì o.”

“Ta ló sọ fún mi?”

Mi ò rí èsì fọ̀. Ní báyìí, bó bá ń bọ̀, owó kéékèèké ló máa ń so mọ́ ṣẹ́tí ìró kó tó kúrò nílé. Bó bá sì pè mí pé ọjọ́ mẹ́sàn-án òní ni ìpàdé ẹbí, orí ìka ni mo ti ń kà á, òní ni àtàǹpàkò.