Owú kọ́, òwú ni: ọ̀pá irin ọjọ́sí ti jẹ́wọ́

Àtẹ́lẹwọ́ mi ṣì ń ta mí bí mo ṣe ń kọ èyí, òwú sì wà ní gbogbo irùngbọ̀n mi. Ọ̀pá irin tí mo rà lọ́wọ́ ọmọ kọ́ńdẹ̀m tó ń ti ọmọlanke ti jẹ́wọ́ iṣẹ́ rẹ̀: kóró òwú ni wọ́n fi ń yọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́jọ́sí, ọmọ owú, ìyẹn òòlù alágbẹ̀dẹ, ni mo pè é, tí mo tún ń fọwọ́ sọ̀yà pé ilé alágbẹ̀dẹ ló ti wá. Mo ti fẹ́ gé orí rẹ̀ kan kí n fi ṣe pọ́ńṣì tí a fi ń lu ihò sí nǹkan. Ọpẹ́lọpẹ́ iná tó lọ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì fún òru méjì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ìpáàrà ara rẹ̀. Mi ò jẹ́ kí ẹ̀rọ kàn án, torí ojú tí ọwọ́ ti dán mọ́ ọn lára ni ẹlẹ́rìí tí mo ní.

Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 31. Mo fi fáníà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ki tó, wọ̀n ọ́n: mìlímítà 14 ní àárín, 9 ní orí méjèèjì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owú ti kọ́kọ́ dà rú mọ́ mi lójú. Irin tí wọ́n bá fi ń lu nǹkan, orí rẹ̀ á fẹ̀ bí olú. Tèmi kò ní ojú òòlù kankan. Ṣe ni orí méjèèjì ń dán, bí ohun tí àtẹ́lẹwọ́ ti yí títí.

Ìyá Àgbà ló rí i lórí tábìlì. “Ọkọ mi, níbo lo ti rí irin òwú? Irú ẹ̀ ni ìyá mi fi ń yọ kóró òwú ní Ìsẹ́yìn. Mo fi fọ́ ekùrọ́ lọ́jọ́ kan, ó tẹ̀. Ẹgba ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lẹ́yìn mi.”

Mo gbà wọ́n gbọ́, àmọ́ mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Ìyà bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan bá mi mú òwú oníkóró bọ̀ láti Funtua, ọ̀rá kan gbáko. Mo kọ́kọ́ gbé e lé táìsì. Irin náà ń yọ̀ ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀. Mo wá fá àjákù pákó ìrókò kan títí ó fi jọ̀lọ̀. Irin di òwú mú wàyí, ṣùgbọ́n kóró kọ̀, kò jáde. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kò mira. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ gan-an, á fọ́ pẹ́ẹ́, òróró á sì ba òwú jẹ́. Alẹ́ méjì gbáko, ohun tí mo rí kò tó dí etí.

Mo mú kóró kan, mo wò ó dáadáa. Irun kéékèèké bò ó bíi fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, òwú sì lẹ̀ mọ́ irun náà típẹ́típẹ́. Irú òwú ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìyẹn, òun náà ló mú kí Eli Whitney, ará Amẹ́ríkà kan, ṣe ẹ̀rọ eléyín tó ń yọ kóró òwú, èyí tó gbàwé àṣẹ lé lórí ní 1794. Ìyá Àgbà ní ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n, pé àwọn obìnrin Hausa ń fi ọ̀pá irin yọ ọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí mo ní nìyí.

Mo bọ́ sí Ọjà Ọba lọ́dọ̀ lẹ́kulẹ́ja. Mo ní òwú tí kóró rẹ̀ dúdú ni mo fẹ́. “Kí ló ń ṣe ìyàwó ẹ?” Mo ní irin ni mo fẹ́ dán wò. Ojú tó fi wò mí, owó rẹ̀ wà nínú iye tí mo san. Kóró òwú yìí dúdú, ó ń dán, ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má nírun rárá. Gossypium barbadense ni àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ń pè é.

Mo tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ìrókò, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí irin lọ síwájú. Tọ́! Kóró fò kan ògiri. Tọ́! Irin ń wọ́ òwú gba abẹ́ ara rẹ̀, kóró tóbi ju àyè ibẹ̀ lọ, ó di dandan kó sá síwájú. Ìdí tí àárín fi ki sì yé mi: òun nìkan ló ń tẹ pákó, ìka mi kò há sábẹ́.

Kóró 41 ni mo yọ ní wákàtí kan. Mẹ́fà fọ́, gbogbo wọn ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì, níbi tí irin ti tẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ fi fáìsì nà án lọ́la… rárá, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan ti fi fọ́ ekùrọ́.

Ìyá Àgbà kó òwú náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fìka gbọ̀n ọ́n, wọ́n lọ́ ọ lórí itan wọn láìní ìrànwú. Okùn kan tó gùn tó apá mi jáde. Mo ti fi so fáníà kọ́ ìṣó.