Ó pa á lóòótọ́, àmọ́ kí ló wà lọ́kàn ẹ̀?

Ìgbàkígbà tí ẹjọ́ ìpànìyàn bá ti gbòde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ariwo kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Odidi èèyàn kú, wọ́n wá ní manslaughter ni, ṣé adìyẹ ló pa ni?" (Manslaughter ni ìpànìyàn tí òfin ò kà sí wúwo tó murder.) Inú tó ń bí wọn yé mi, ẹni tó kú ò kúkú mọ ìyàtọ̀ kankan. Àmọ́ pé èèyàn kú nìkan kọ́ ni kóòtù ń wò, ohun tí wọ́n ń wá gan-an ni nǹkan tó wà lọ́kàn ẹni tó ṣe é lásìkò tó ṣe é, ibẹ̀ sì ni lọ́yà ti ń jẹun.

Ní England, tó o bá ní in lọ́kàn láti pa èèyàn, murder ni, ìyẹn ò ruwé. Àmọ́ kò tiẹ̀ dìgbà tó o bá fẹ́ kó kú, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé o fẹ́ ṣe é léṣe gidi, tó wá gbabẹ̀ kú, murder náà ni, ẹ̀wọ̀n gbére sì ni adájọ́ gbọ́dọ̀ dá. Tó bá jẹ́ manslaughter, adájọ́ láǹfààní láti wò ó síwá sẹ́yìn, ó lè dá gbére, ó lè dá ọdún díẹ̀, ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní rí ẹ̀wọ̀n rárá.

Ẹ wo Conrad Murray, dókítà Michael Jackson. Ìjọba ò sọ pé ó fẹ́ pa ọ̀gá ẹ̀. Propofol tí wọ́n fi ń kun èèyàn lóorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un ló ń fún un nínú ilé kó lè rí oorun sùn, àwọn ẹ̀rọ tó yẹ kó máa ṣọ́ èémí ẹ̀ ò sì pé níbẹ̀. Michael kú ní oṣù kẹfà 2009, wọ́n dá Murray lẹ́bi manslaughter ní 2011, ẹ̀wọ̀n ọdún 4, bí ọdún 2 ló sì lò ńbẹ̀. Àìbìkítà ló kó bá a, kì í sì í ṣe àìbìkítà kékeré o, torí tó bá jẹ́ pé gbogbo àṣìṣe ni wọ́n ń fi èèyàn sẹ́wọ̀n fún, mélòó ni dókítà tó máa ṣẹ́kù?

Ẹjọ́ tí mi ò lè gbàgbé ni ti Oscar Pistorius, gbajúmọ̀ sárésáré tí wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì, ní South Africa. Ọjọ́ 14 oṣù kejì 2013, ó yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹrin gba ara ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ilé ara ẹ̀, Reeva Steenkamp ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kú. Pistorius ní olè lòun rò pó wọlé. Adájọ́ Masipa (wọn kì í lo júrì níbẹ̀, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n máa ń yàn kí wọ́n wá sọ bóyá èèyàn jẹ̀bi, adájọ́ ló ń dá gbogbo ẹ̀) dá a lẹ́bi culpable homicide, bí wọ́n ṣe ń pe manslaughter lọ́dọ̀ tiwọn nìyẹn, ọdún 5. Ìjọba ò gbà, wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ní oṣù kejìlá 2015 àwọn adájọ́ òkè wá gbé ìbéèrè tó rọrùn kalẹ̀: Reeva ni o, olè ni o, ṣé Pistorius ò mọ̀ pé ẹni yòówù tó bá wà nínú yàrá kótópó yẹn lè kú tóun bá yìnbọn wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin ni? Ó mọ̀, ó sì yìn ín. Murder. Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní ọdún 6, ìjọba tún ní ó kéré, nígbà tó fi máa di 2017 ó ti di ọdún 13 àti oṣù 5. Ìbọn kan náà, òkú kan náà o.

Amẹ́ríkà tún wá ní tiwọn. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n kà sí Derek Chauvin, ọlọ́pàá tó fi orúnkún tẹ George Floyd lọ́rùn títí tó fi kú, lọ́rùn, murder méjì, manslaughter kan, gbogbo ẹ̀ ló gbá a mú ní 2021. Èyí tó wúwo jù níbẹ̀ ò sì bìkítà bóyá ó fẹ́ kí Floyd kú, tó bá ti jẹ́ pé ìwà ọ̀daràn míì ló ń hù lọ́wọ́ tí ẹni yẹn fi kú, ó parí. Ọdún 22 àti ààbọ̀.

Ìbínú ńkọ́? Nígbà míì ó máa ń ṣiṣẹ́, ó lè sọ murder di manslaughter. Òfin àtijọ́ ní England fẹ́ kó jẹ́ ìbínú òjijì, kéèyàn gbaná jẹ lójú ẹsẹ̀, èmi ò rò pé àwọn tó ṣe é ro obìnrin tí wọ́n ń lù lálù-bolẹ̀ mọ́ ọn. Kiranjit Ahluwalia ti jìyà lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀ fún bí ọdún 10 kó tó dáná sun ún níbi tó sùn sí ní 1989. Wọ́n ní murder ni, gbére. Ní 1992 ni kóòtù tó fagi lé e torí ẹ̀rí dókítà wà pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le ń bá a jà, ẹ̀rí tí wọn ò sì gbé síwájú júrì nígbà àkọ́kọ́! Ó wá di manslaughter, wọ́n ní ìgbà tó ti lò ńbẹ̀ tó, ó lọ sílé. Láti 2010 òfin wọn ò béèrè òjijì mọ́, àmọ́ kéèyàn ní torí ìyàwó òun yàn àlè nìkan, ìyẹn ò sí nínú àwíjàre.

Ìgbèjà ara ẹni yàtọ̀ sí gbogbo eléyìí, torí kì í ṣe pé ó ń dín ẹ̀sùn kù, tó bá wọlé, ilé ló kàn. Ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ pé ní England àti ibi tó pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, tó o bá ti gbé e kalẹ̀, ìjọba ló máa wá ẹ̀rí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó gbá ọ létí, tó ti ń sá lọ, tó o wá lé e bá tó o gún un lọ́bẹ lẹ́yìn, ìgbèjà wo nìyẹn?

Ohun tó máa ń ká mi lára jù ni tẹ́nu. Wọ́n mú èèyàn, ẹ̀rù ń bà á, ó ní "Ọ̀gá, mi ò fẹ́ pa á, mo kàn fẹ́ kó jẹ palaba ìyà ni." Lójú tiẹ̀ ó ti yọ ara ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun fẹ́ ṣe é léṣe gidi ni, ẹ wo ohun tí mo kọ sókè nípa murder. Ìdí tí lọ́yà fi máa ń ní kó o panu mọ́ títí òun á fi dé nìyẹn, yálà o mọwọ́mẹsẹ̀ tàbí o ò mọ nǹkan kan. Tí ẹ̀rí bá wá pọ̀ jù, ó lè bá olùpẹ̀jọ́ dúnàádúrà, kó gbà pé manslaughter ni kí wọ́n lè fi murder sílẹ̀.

Kódà tí wọ́n bá dá ẹ sílẹ̀, mọ̀lẹ́bí olóògbé ṣì lè pè ọ́ lẹ́jọ́ owó. Wọ́n fẹ̀sùn kan O.J. Simpson, gbajúmọ̀ eléré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, pé ó pa ìyàwó ẹ̀ àtijọ́ àti ọ̀rẹ́ obìnrin náà, júrì dá a láre ní 1995, ní 1997 júrì míì ní òun ló fa ikú wọn, kó san $33.5 mílíọ̀nù, torí ẹ̀rí tó tó gba owó lọ́wọ́ èèyàn kéré gan-an sí èyí tó tó jù ú sẹ́wọ̀n.