“A ti gbà á” kì í ṣe “a ti parí ẹ̀”

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Wuse fẹ́ kí sáfà wa (kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè àwọn oníbàárà) dá oníbàárà dúró títí ìṣirò owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ wọn á fi parí. Mo ní rárá o. Ta ló fẹ́ di ìlà mú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Àbújá yìí?

Gba ìbéèrè náà, kọ ọ́ sínú dátábéèsì, kó o tó dáhùn 202 (àmì HTTP tó túmọ̀ sí “a ti gbà á”) pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀. Kó o tó dáhùn ni mo wí! Bí iná bá lọ lẹ́yìn 202 tí o ò tíì kọ nǹkan kan sílẹ̀, irọ́ lo pa.

Tí iṣẹ́ bá parí, fi èsì ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí wọ́n fún ẹ, pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. (Àwọn ará SOAP, ìlànà kan tí sáfà fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ti ń fi MessageID (nọ́ńbà iṣẹ́ tí a rán) àti RelatesTo (nọ́ńbà tí èsì ń tọ́ka sí) ṣe èyí tipẹ́, W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù, fọwọ́ sí WS-Addressing 1.0 tó ṣàlàyé wọn ní 2006.) Tí wọn ò bá dáhùn, tún un rán, kí àlàfo àárín máa gùn sí i. Èsì kan lè tipa bẹ́ẹ̀ dé lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà kí ẹni tó ń gbà á yẹ nọ́ńbà wò, kó má baà sanwó ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì.

“Ọ̀gá, tí wọ́n bá san tèmi lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́?”

Mi ò dá a lóhùn. Mo ní kó lọ fi HMAC (àmì tí a fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ṣe, tó ń fi hàn pé àwa la fi èsì ránṣẹ́) sí i, torí ẹnikẹ́ni ló lè fi ayédèrú èsì ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó wà ní gbangba.