Ìṣó kan ṣoṣo, wọ́n ní kí ẹ ra táyà mẹ́rin

Ẹ má tíì yọ ìṣó tó gún táyà yín. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò díẹ̀díẹ̀, ìṣó náà ló ń dí ihò tó dá. Ẹ fẹ́ táyà, kí ẹ rọra wà á dé ọ̀dọ̀ fọganáísà. Bó bá ti rọ̀ pátá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ níbi tí ẹ wà. Láti Berger dé ọjà Wuse l'Abuja kò jìnnà, ṣùgbọ́n ó tó kí ríìmù lọ ẹ̀gbẹ́ táyà tó ti rọ̀ kúnná láti inú.

Lọ́dọ̀ fọganáísà (mai faci, bí àwọn Hausa ṣe ń pè é), ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ da omi ọṣẹ sí ẹnu fáàfù àti etí ríìmù, torí ìṣó tí ẹ rí lè má gún un dénú. Bó bá jẹ́ ìṣó náà ni, ẹ ní kó tú táyà kúrò lára ríìmù. Okùn rọ́bà tí wọ́n ń fi gún un láti ìta yóò gbé yín délé, àmọ́ ta ló rí inú táyà láti ìta? Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí inú rẹ̀. Bí ẹ bá bá rọ́bà tó ti di ìyẹ̀fun dúdú níbẹ̀, táyà náà ti kú, páàṣì kò lè jí i. Ihò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tàbí èjìká (ibi tí ẹ̀gbẹ́ ti pàdé ojú táyà) kò ṣe é lẹ̀. Ojú tó ń tẹ ilẹ̀ nìkan ló ṣe é lẹ̀, ihò náà kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ ju mílímítà 6 lọ.

Bó bá ṣe é lẹ̀, á ha àyíká ihò láìkan wáyà inú táyà, á nù ún mọ́, á fi sólúṣọ̀n (gọ́ọ̀mù táyà) pa á. Ibí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́: wọ́n á lẹ páàṣì nígbà tí sólúṣọ̀n ṣì tutù. Ẹ jẹ́ kó gbẹ títí tí kò fi ní bá ìka lọ mọ́. Lásìkò ọyẹ́, kí wọ́n bo ibẹ̀, torí eruku tó bá bà sí i kò ní jẹ́ kó mú. Páàṣì onírù tó dà bí olú ló dára jù. Ìrù á dí ihò, orí á lẹ̀ mọ́ inú. Bí ihò bá ṣí sílẹ̀, omi òjò á wọlé, wáyà á dípẹtà.

Iye afẹ́fẹ́ wà lára sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Èyí tó wà lára táyà ni òpin ohun tó lè gbà. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí mọ́tò tó rìn. Bó bá lé díẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ má tú u sílẹ̀.

Ní iléeṣẹ́ tó ta mọ́tò fún yín, "kò ṣe é lẹ̀, ẹ ra mẹ́rin tuntun" ni wọ́n sábà máa ń sọ. Ẹ ní kí wọ́n fi inú táyà hàn yín, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ sínú káàdì iṣẹ́. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe àfikún iṣẹ́ láìpè yín, àti pé ẹ fẹ́ gba táyà àtijọ́ padà. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn kóòdù DOT tó wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí iná táyà iwájú dírẹ́bà bá ń ṣẹ́jú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kó tó wá tàn láìkú mọ́, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú táyà, tàbí ẹ̀rọ tó ń bá a ṣiṣẹ́, ló níṣòro. Ẹ̀rọ ìtútáyà lè ṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ náà nítòsí fáàfù, nítorí náà ẹ wo iná yẹn kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ tún wò ó kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ láti tún iṣẹ́ tí wọ́n bà jẹ́ ṣe, ẹ kó káàdì, rìsíìtì àti fọ́tò lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà. Òfin ọdún 2018 tó dá a sílẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó péye.