Ẹ́ńjìnnì oníbátìrì lórí kayak ìpẹja: ibi tí iṣẹ́ dé

A ń fi ẹ́ńjìnnì oníbátìrì sára kayak, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, ká lè máa fi pẹja. Ọkọ̀ náà jẹ́ oníke, gígùn rẹ̀ mítà 3.6, fífẹ̀ rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 86. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ là sí méjì, nítorí náà èèyàn lè dìde dúró nínú rẹ̀ kó ju ìwọ̀ láìmì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti volt 12, èyí tí wọ́n kọ 55 lb sí lára, ìyẹn agbára tó fi ń ti ọkọ̀. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ LiFePO4, irú lítíọ́ọ̀mù kan, 100 Ah: ìyẹn ni pé ó lè gbé ampere 100 fún wákàtí kan. Ọ̀sà Lẹ́kí ni a ó ti lò ó, láti apá Èpé, fún ọ̀bọ̀kún àti epìyà.

Ẹrù

Kílò 180 ni wọ́n kọ sára ọkọ̀ pé ó lè gbé. Ìyẹn ni pé kò ní rì. Kò túmọ̀ sí pé ó ṣe é dúró pẹja nínú rẹ̀. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni a máa ń dúró lé, kílò 126: apẹja 80, ẹ́ńjìnnì 10, bátìrì 11, irin tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé 3, irinṣẹ́ àti ìdákọ̀ró 12, yìnyín àti ẹja 10. Ó pé géérégé. Bátìrì olómi 100 Ah tó kílò 28, èyí tó fi kílò 17 ju ti LiFePO4 lọ, ó ti gba ààyè ẹja tán nìyẹn. Ìdajì agbára rẹ̀ péré la sì lè lò kó má baà tètè kú. Ẹ́ńjìnnì elépo kékeré, agbára ẹṣin 2.5, náà ń lọ sí kílò 17, ìdí ọkọ̀ nìkan ni gbogbo rẹ̀ á sì rọ̀ mọ́.

Bátìrì ti kúrò lẹ́yìn

Ẹ̀yìn àga la kọ́kọ́ gbé e sí kí wáyà lè kúrú. Àṣìṣe ni. Ìdí ọkọ̀ rì, imú rẹ̀ yọ sókè, imú tó bá sì yọ sókè ti di ìgbòkun: atẹ́gùn á gbá a, ọkọ̀ á máa yí kúrò níbi tí ìwọ̀ wà. Omi tún ń gba àwọn ihò ìṣanmi wá sókè. Ní báyìí ó wà níwájú ẹsẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, nínú àpótí tí omi kì í wọ̀, a sì fi bẹ́líìtì méjì dè é. Ẹ má fi dídè rẹ̀ ṣeré. Bí ọkọ̀ bá tẹ̀ díẹ̀, bátìrì tó bá yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló máa dà á nù pátápátá.

Wáyà

Wáyà láti bátìrì dé ẹ́ńjìnnì jẹ́ mítà 4, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 8. Ibi yìí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bàjẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fa ampere 40, wáyà 6 mm² á jẹ nǹkan bíi volt 0.93, 16 mm² á jẹ 0.35 péré. Èyí tó jẹ yẹn ló ń di ooru, tó ń yọ́ ojú ìsopọ̀. Kí ẹ tó sanwó lọ́jà, ẹ fi ọ̀bẹ họ fọ́nrán kan. Bí ìta bá pupa tí inú funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà pa lára ni, ẹ fi sílẹ̀. Bí ìta bá funfun tí inú pupa, bàbà tí wọ́n fi tánńganran bò ni, òun ló dára jù fún orí omi. Bíréékà ampere 60, tó ń gé iná bó bá pọ̀ jù, wà lójú wáyà pọ́sítíìfù, sẹ̀ǹtímítà 15 sí bátìrì.

Ìdí ọkọ̀

Bóòtù M8 (mìlímítà 8) mẹ́fà, irin tí kì í dógùn-ún, ló di irin tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé mú mọ́ ìdí ọkọ̀. Nínú, a fi pátákó oníke tí wọ́n fi ń gé ẹran, nínípọn mìlímítà 10, gba ẹ̀yìn wọn. Sílíkóònù kì í di irú ike yìí mú, á ṣí kúrò. Butyl, irú rọ́bà rírọ̀ tó ń lẹ̀, la fi dí ojú ihò bóòtù. Ẹ fún bóòtù le, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún fún un díẹ̀ sí i, torí ike máa ń rọ̀ lábẹ́ bóòtù.

Abẹ̀bẹ̀

Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń yí lábẹ́ omi láti ti ọkọ̀, gbọ́dọ̀ rì tó sẹ̀ǹtímítà 20, ó kéré tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa fa atẹ́gùn, á pariwo láìti ọkọ̀. Ewéko olódòdó àlùkò tó ń rìn kiri lórí omi kì í ba nǹkan jẹ́ púpọ̀: ẹ jẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ yí sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á tú. Okùn ìwọ̀ ló burú. Á wé sẹ́yìn abẹ̀bẹ̀, á gé rọ́bà tó ń dí omi, omi á wọ inú ẹ́ńjìnnì, ìyẹn sì parí. Nítorí náà, lẹ́yìn gbogbo ìpẹja, ẹ tú abẹ̀bẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Sípánà àti píìnì méjì tó ń di abẹ̀bẹ̀ mú wà nínú àpótí. A tún ti ṣí ihò ọ̀pá ìwọ̀ kúrò lẹ́yìn àga wá síwájú, kó kọjú síta.

Bó ṣe ń lo agbára

Bí a bá fi ìdá 20 sílẹ̀ nínú bátìrì, ampere 15 á gbé wa fún wákàtí 5. Ampere 50, tí í ṣe eré àsápajúdé, kò ní tó wákàtí méjì. Ẹ kọ́kọ́ dojú kọ atẹ́gùn nígbà tí ẹ bá ń lọ, kó lè ti yín bọ̀ wálé. Àjẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò nínú ọkọ̀.

Ohun tó kù ni fóòmù inú ikùn ọkọ̀, tí yóò gbé e sókè bí omi bá wọlé. Fóòmù líle tí kì í mu omi là ń wá. Ti ibùsùn á mu ún yó, á wá di ẹrù kún ẹrù.